Ṣílè Tó Sùn Lábẹ́ Àlùbọ́sà

Bí ènìyàn bá ṣẹ Reuben nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ń rọ̀, kí onítọ̀hún má retí pé ọyẹ́ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ketu pè é ní "baba kúkúrú" lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, Ikosi ni Reuben ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó wà ní ìwé kẹrin ní abúlé wọn lápá Ìjẹ̀bú, olùkọ́ kan nà án fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀. Reuben gbé síléètì rẹ̀, ó gba ilé lọ, kò sì padà sílé ìwé mọ́. Wọ́n ti sin olùkọ́ náà báyìí. Reuben ò débi ìsìnkú.

Orí kunkun yìí kan náà ló sọ ọ́ di ẹni àfọkàntán. Aago ló ń tún ṣe. Bí aago rẹ bá ti kú, á ní ó ti kú, kò ní dọ́gbọ́n gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí fóònù gba oúnjẹ lẹ́nu aago, tí eṣinṣin fẹ́ sọ tábìlì rẹ̀ di ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó àtijọ́ lórí WhatsApp: ọ̀níní oníhò, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè fàdákà ayé ọba Jọ́ọ̀jì, èyí tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí lẹ́yìn. Gúrúpù kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé, wọ́n ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Reuben kì í kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí ibi tí ìwé kẹrin gbé e dé kò jìnnà. Ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ tí á fi ránṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Reuben ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ."

Ohun kan wà nínú òwò náà tí wọ́n ń pè ní àwọ̀ ọjọ́. Bí ṣílè fàdákà bá pẹ́ nínú àpótí tàbí nínú aṣọ, tí ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kọjá lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yí i lára padà díẹ̀díẹ̀. Á yọ búlúù létí, á yọ àwọ̀ àlùkò sí i, àárín rẹ̀ á pọ́n bí oyin, á wá dà bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Kò sí méjì tó jọra. Ẹni tó mọyì rẹ̀ lè fi owó ṣílè lásán mẹ́wàá ra ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan kì í fi dúró de ọjọ́. Wọ́n á fi ọgbọ́n ọwọ́ ṣe é láàárín ọ̀sán kan, wọ́n á ní ọjọ́ ló ṣe é.

Ṣàràfá ṣe irú ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì gọ́tà ni Ṣàràfá, ó fi ogún ọdún kéré sí Reuben, ṣùgbọ́n abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà ọ̀sán tẹ́lẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó gbé ṣílè alárànbarà jáde nínú gúrúpù, ó ní inú àpótí ìyá ìyá òun ní Ẹ̀pẹ́ lòún ti rí i. Reuben fẹ́ yá tọ̀nàfíìsì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ó bá ẹyin sísè gbígbóná tí wọ́n là sí méjì nínú ọ̀rá, ṣílè mẹ́rin sì sùn tì í, búlúù ti ń yọ létí wọn.

Reuben ò béèrè ohunkóhun. Ó jáde, ó dúró sẹ́bàá gọ́tà, ó gbé fóònù sẹ́nu. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Reuben ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ìyá ìyá Ṣàràfá tó wà ní Ẹ̀pẹ́, adìẹ ni."

Kó tó di alẹ́, wọ́n ti yọ Ṣàràfá kúrò nínú gúrúpù, orúkọ rẹ̀ sì ti di Ṣàràfá Ẹlẹ́yin. Ó dá owó padà fún gbogbo ẹni tó rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ Reuben. Reuben ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Láti ìgbà náà, bí Reuben bá rí i tó ń bọ̀, á fo gọ́tà sí apá kejì. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ó fò ó, kò débẹ̀. Ó dìde tòun ti ẹrẹ̀ lára, ó ń bá a lọ bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

"Ẹni tó bá kun owó, tó wá ní ọjọ́ ló kùn ún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "ọdún tí kò lò láyé ló ń tà fún yín." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ará gúrúpù débi pé wọ́n kọ ọ́ sí iwájú gúrúpù náà.

Ajegunle tó wà létí odò ni Reuben ń gbé pẹ̀lú Damaris ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, odò kún, omi sì ń rákò bọ̀ lójúlé. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n kó aṣọ lọ sílé ọmọ wọn, Joanna, ṣùgbọ́n Reuben ò gbà kí àpótí owó àtijọ́ rẹ̀ lọ jìnnà. Àlùbọ́sà ni Damaris ń tà ní Mile 12. Ó bá ọkọ rẹ̀ gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni omi fi wà nílé. Nígbà tó fà tán, tí wọ́n gbálẹ̀, tí wọ́n kó ẹrù padà, Reuben ṣí àpótí. Ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Ṣílè fàdákà méje ló wà nínú ẹ̀, tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ aago fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Funfun lásán ni wọ́n jẹ́ láti ọdún gbọ́ọrọ yìí wá. Báyìí, méjèèje ti yọ búlúù, wọ́n ti yọ àlùkò. Èyí tó dára jù nínú wọn, igi ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró nínú àwọ̀ oyin bí ẹni pé oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti dé," ni Reuben wí. "Ọjọ́ ti dé bá wọn." Ọkùnrin tí kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ṣì tutù.

Ó ya fọ́tò, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúpù pé ọjọ́ ló ṣe é. Kò pẹ́ wákàtí kan tí Aunty Vivian fi pè é láti Ifákọ̀. Agbẹjọ́rò ni Vivian, bàbá rẹ̀, Daddy Fọláyẹmí, ló dá gúrúpù náà sílẹ̀. Àgbà náà fẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

"Uncle Reuben, mo fẹ́ fi èyí tó dára jù nínú wọn ṣe ẹ̀bùn fún Daddy," ni Vivian wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e wá o. Àwọn ará gúrúpù tó wà nítòsí máa wà níbẹ̀. Ẹ máa dìde, ẹ ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Daddy kì í gba ẹ̀rí ẹlòmíì."

Ó sanwó lójú ẹsẹ̀. Damaris ti mọ ohun tí owó náà máa ṣe: búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì láti gbé ojúlé wọn sókè, kí omi ọdún tó ń bọ̀ lè kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ní ọjọ́bọ̀, Reuben ń nu ṣílè náà pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ nígbà tí Damaris dúró sí iwájú rẹ̀, ó na yẹtí méjì sí i.

"Daddy Joanna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní fàdákà gidi ni. Ẹ wò ó bó ṣe di aláǹgbá sí mi lọ́wọ́."

Reuben há awò kékeré tí àwọn atún-aago-ṣe ń lò sójú. Ó wo yẹtí. Ó wo ṣílè. Ó tún wo yẹtí. Búlúù létí, àlùkò lẹ́yìn ìyẹn, oyin láàárín.

"Ìgbà wo lo rà á?"

"Àjíǹde tó kọjá yìí náà ni."

"Ibo lo gbé e sí?"

"Inú àpótí yín. Ọjọ́ tí omi ń bọ̀, ẹ̀ ń pariwo pé kí n yára, mo sọ ọ́ síbẹ̀ kó má baà sọnù."

"Àpótí yẹn ńkọ́, ibo lo gbé e sí ní ṣọ́ọ̀bù?"

Damaris rò ó. "Ẹ̀yìn pátápátá. Lábẹ́ àwọn àpò àlùbọ́sà tó ti ń jẹrà, tí mi ò tíì rí ọmọ tó máa bá mi kó wọn dànù. Mo ní òórùn ibẹ̀, olè kankan ò ní fẹ́ débẹ̀."

Reuben gbé ṣílè sí imú. Òórùn náà rọra wà níbẹ̀, bí àlejò tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yọ awò kúrò lójú. Yẹtí oṣù mélòó kan kò lè ní àwọ̀ ogún ọdún.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín kùn ún ni?" ni Damaris wí nígbà tó gbọ́ àlàyé. "Ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Àlùbọ́sà ló ṣe é, àlùbọ́sà ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ lòun. Ẹ gbé e lọ jàre."

"Àmọ́ èmi ńkọ́, lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má dìde pẹ́."

Reuben ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní láyé yìí. Ìyẹn ló fi lé Ṣàràfá jáde. Bó bá dákẹ́, ó ti di Ṣàràfá, kìkì pé kò se ẹyin. Bó bá sì sọ̀rọ̀, gbogbo gúrúpù á fi ẹnu tí wọ́n fi ń pe Ṣàràfá pe òun náà. Ó tún ní ohun kan tó ṣì ń rọ̀ mọ́: bóyá kì í ṣe àlùbọ́sà. Bóyá ọ̀rinrin ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ fún un ní gbogbo Ketu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, obìnrin oníbúrẹ́dì rí ohun tí ojú rẹ̀ ò rí láti ọdún méjì: Reuben dúró létí gọ́tà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá sí ọ̀dọ̀ Ṣàràfá.

Ṣàràfá gbé orí sókè. Irin tí ó fi ń jó wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá Reuben. Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wo nǹkan yìí fún mi, má bi mí léèrè."

Ṣàràfá gbà á. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kó ẹ̀rín náà mọ́ra títí, kò ṣeé kó mọ́, ó bú jáde.

"Àlùbọ́sà ni. Ọ̀gá, ẹ̀yin náà kẹ̀? Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Omi ló lé àpótí lọ sí Mile 12."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Tèmi ò ju wákàtí méjì." Ṣàràfá nu omijé ojú rẹ̀. "Ó dáa gan-an, sà. Ó dáa ju ti ẹyin lọ. Ẹ ní sùúrù jù mí lọ." Ó dá ṣílè padà sí Reuben lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má dààmú. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ tà á ní àlàáfíà. Mo ti gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí Ṣàràfá bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bó bá pariwo rẹ̀ sí ìgboro, Reuben á mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí o ń bínú sí bò ọ́ láṣìírí? Kó máa kí ọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní gbogbo àárọ̀, kó sì mọ̀, kí ìwọ náà mọ̀ pé ó mọ̀? Reuben ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan.

"Ta ló ní kí o má sọ?" ló wí. "Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́. Má bá mi fi nǹkan mi pamọ́." Ó sọdá gọ́tà padà tìbínú-tìbínú.

Nígbà tí Damaris gbọ́, ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nílé rẹ̀, ó sì mọ ilẹ̀kùn tí kì í ṣí. "Ó dáa," ló wí. "Bí ẹ bá ń lọ sọ̀rọ̀ ara yín, mò ń bá yín lọ. Mo sì máa wọ yẹtí mi."

Ní Sátidé, ọ̀sán gangan, mẹ́gáádì ẹ́sítéètì kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó sì ṣí géètì. Ènìyàn bí ogún ló wà ní pálọ̀ Daddy Fọláyẹmí, wọ́n mú ife dání, àwọn ọmọ-ọmọ ń sá kiri. Baba náà jókòó nínú àga rẹ̀ pẹ̀lú búbá funfun, ojú rẹ̀ ti hunjọ bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Vivian gbé ṣílè náà lé e lọ́wọ́. Baba gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò, àwọn èèyàn sì mí kanlẹ̀.

"Uncle Reuben," ni Vivian wí, "ó ku ẹ̀yin."

Reuben dìde. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Reuben ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ."

Àwọn ará gúrúpù rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣílè yẹn, ojúlówó ni. Fàdákà ni, ọdún 1913 ni, mo lè búra lé ìyẹn. Orí àwọ̀ ara rẹ̀ ni mo ti ṣàṣìsọ. Mo sọ fún yín pé ọjọ́ ló ṣe é. Kì í ṣe ọjọ́. Àlùbọ́sà ni. Omi wọlé wa, a gbé àpótí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ní Mile 12, ó sun ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lábẹ́ àlùbọ́sà jíjẹrà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwọn mẹ́fà yòókù. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo tà á. Mo mọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Damaris, dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀rí."

Damaris dìde, ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, kí gbogbo ènìyàn lè rí yẹtí.

"Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa ìyá ìyá Ṣàràfá," ni Reuben fi parí rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Tèmi náà nìyẹn."

Daddy Fọláyẹmí gbé ṣílè sí imú, ó fà á símú dáadáa, ó dijú.

"Vivian," ló wí, "ṣé ọbẹ̀ ti jinná?"

Ẹnì kan já ẹ̀rín sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ràn káàkiri ilé bí iná ọyẹ́. Baba gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Reuben, wo irun mi. Báwo lo ṣe rí i?"

"Ó dúdú, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni mo pé lónìí?"

"Ọgọ́rin, sà."

"Ta ló fi dúdú síbẹ̀?"

Reuben wo àjà. Kò fẹ́ ṣẹ àgbàlagbà nílé rẹ̀.

"Èmi ni," ni Vivian wí. "Láàárọ̀ yìí. Ó sì ta sí mi láṣọ."

"Ogún ọdún rèé tí mo ti ń kun irun," ni baba wí. "Inú mi ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi mí léèrè ọjọ́ orí, mi ò jẹ́ sọ fún un pé ọmọ ogójì ni mí. Aró ò dẹ́ṣẹ̀. Ẹnu tó ń tà á ni kó ṣọ́ra. Mo fẹ́ ṣílè mi bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀."

"Owó ṣílè lásán ni mo máa gbà, sà. Ìyókù á padà sọ́wọ́ Aunty Vivian."

"Mo ní mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n san."

"Mo gbọ́ yín, sà. Owó ṣílè lásán ni."

Damaris wúkọ́. Reuben ò gbọ́ ikọ́ náà. Baba wò ó títí, ó rí i pé òun ti pàdé ògiri, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà. "Bí mo bá gba tìrẹ, ìwọ náà á gba tèmi. Ọmọkùnrin ẹlẹ́yin yẹn, ó dá owó padà, àbí kò dá a?"

"Ó dá a, sà."

"Jẹ́ kó wọlé padà."

Reuben fi ahọ́n ká eyín. "Kó wọlé," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ṣì rántí o."

Títí wọ́n fi gé kéèkì, Reuben ò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ti ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ wíńdò, wọ́n ń bi í ibi tí wọ́n ti ń rí irú yẹtí bẹ́ẹ̀ rà. Vivian fúnra rẹ̀ bọ́ tirẹ̀ létí, ó ní kí Damaris bá òun gbé e lọ sí Mile 12.

Bí òwò tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ra ṣílè tàbí yẹtí alálùbọ́sà, á rí páálí kékeré pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ Ṣàràfá ló kọ ọ́ nítorí lẹ́tà rẹ̀ dára: "Ojúlówó fàdákà. Àwọ̀ ara rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́. Àlùbọ́sà Mile 12 ló ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Àwọn ará ìlú òyìnbó ń béèrè fún un fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Damaris ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àlùbọ́sà tó jẹrà dànù mọ́, ó sì ń gba owó ibùsùn lórí ṣílè kọ̀ọ̀kan. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó tún dé, ojúlé wọn ní Ajegunle ti ga ní búlọ́ọ̀kù mẹ́ta.

Ṣé Reuben ti wá ń kí Ṣàràfá? Ó ń kí i. Láràárọ̀, á ṣí ṣọ́ọ̀bù, á dojú kọ òdìkejì gọ́tà, á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró. Kò ní mira, kò ní wúkọ́, títí Ṣàràfá tó kéré sí i fi máa dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn fóònù tó fọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Alálùbọ́sà."

"Káàárọ̀, Ẹlẹ́yin," ni Reuben á wí. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó sídìí aago rẹ̀, á máa fi ètè súfèé.

Búrẹ́dì ni kò tíì rà lọ́wọ́ obìnrin ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.